Dirty Pipe lórí sáfà tí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń wọlé sí: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ihò náà ti dí?

olùkọ́_kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan lé mi lọ́wọ́ l'Óṣogbo. Sáfà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Debian 11 ló wà lórí rẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ní àkáǹtì tirẹ̀ tó ń fi ssh (ọ̀nà àtiwọlé láti orí ẹ̀rọ mìíràn) wọ̀ láti kọ́ Python àti C. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sílùú mìíràn, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé Dirty Pipe ò lè ṣiṣẹ́ níbí?" Ó ń rẹ́rìn-ín o, àmọ́ èmi ò lè bá a rín in. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ihò ààbò ni, nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, àti pé ó lè sọ akẹ́kọ̀ọ́ lásán di root, ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ.

Mo tẹ `uname -r`, ohun tó gbé jáde ni `5.10.0-11-amd64`. Mo kà á pé 5.10.102 ni wọ́n ti tún un ṣe. Ṣé ihò ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn? Kí sì ni ihò náà gan-an? Mo mọ Linux dé ìwọ̀n tí mo fi ń jẹun, mi ò mọ inú kernel. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ọ̀rọ̀ náà yé mi.

ọmọ_terminal

Ẹ̀gbọ́n, 5.10.0 kéré sí 5.10.102. Ihò wà níbẹ̀ gbayawu. `apt update`, `apt full-upgrade`, ẹ tún un tàn, ó parí.

ìyá_bash

Àbúrò, rọra ná. 11 tó wà nínú `5.10.0-11-amd64` kì í ṣe nọ́ńbà àtúnṣe kernel. Debian ló fún ìdìpọ̀ náà lórúkọ bẹ́ẹ̀, kí module (ègé àfikún kernel) tí wọ́n kọ́ fún ọ̀kan má lọ kó sínú òmíràn. Inú `uname -v` ni nọ́ńbà gidi wà. Olùkọ́, ẹ tẹ ìyẹn, kí ẹ lẹ ohun tó bá gbé jáde mọ́ ibí.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni pé 5.10.92-1 ti oṣù kìíní 2022 ní ihò náà nínú. 5.10.92-2, tí wọ́n kọ́ ní 28 oṣù kejì tí wọ́n sì tú síta ní 7 oṣù kẹta, wọ́n ti dí i nínú ìyẹn. Ẹ tẹ `uname -r` lórí àwọn méjèèjì, `5.10.0-11-amd64` náà ni ẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ 92 kéré sí 102, síbẹ̀ 5.10.92-2 ti bọ́ nínú ewu, torí pé àtúnṣe yẹn nìkan ni Debian yọ jáde, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kernel tí wọ́n ń lò. Ubuntu ń ṣe bẹ́ẹ̀, Red Hat ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà kernel.org, ibi tí kernel ti ń jáde kí Debian tó mú un, díwọ̀n kernel Debian á máa pariwo níbi tí kò séwu, á sì sùn lọ níbi tí ewu wà.

olùkọ́_kọ̀ǹpútà

Ó gbé e jáde o:

`#1 SMP Debian 5.10.92-1 (2022-01-18)`

Ìyá, ó jọ pé èyí tí kò dáa ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

ìyá_bash

Òun náà ni. Ẹ má tíì pa ẹ̀rọ náà o. Ẹ kọ́kọ́ dí ọ̀nà mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹ kọ `AllowUsers` sínú `/etc/ssh/sshd_config`, kí orúkọ yín nìkan tẹ̀ lé e, kí ẹ sì tún ssh bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `w`, kí ẹ wo ẹni tó wà nínú ilé, torí `AllowUsers` kì í lé ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀. `loginctl terminate-user` lẹ máa fi yọ ọ́. Màá ṣàlàyé ìdí tí mo fi ní kí ẹ má pa á, inú mọ́tò ni mo wà báyìí.

ọmọ_terminal

Ìyá, ẹ forí jì mí o, àmọ́ èyí ò yé mi. Ihò ṣí sílẹ̀, a wá ní kí wọ́n má tún un tàn?

àgbà_inú_fáìlì

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn kí wọ́n tó délé. Ẹni tó bá mọ bí ihò yìí ṣe là máa mọ ìdí tí ìyá fi ní kí ẹ má kánjú.

Nígbà tí ètò kan bá ka fáìlì lórí Linux, kernel máa ń da ohun tó kà sínú RAM, ní ègé 4096 báìtì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní page cache. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ ka fáìlì yẹn, ìbáà jẹ́ `cat`, ìbáà jẹ́ `sudo`, ẹ̀dà inú RAM ni kernel ń gbé fún un, kò tún lọ sórí dísìkì mọ́. Ẹ wò ó bí ìwé orúkọ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀: ojúlówó wà nínú àpótí onírin, ẹ̀dà wà lórí tábìlì akọ̀wé, ẹ̀dà orí tábìlì sì ni gbogbo èèyàn ń wò. Ẹni tó bá rí ọ̀nà kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ẹ̀dà yẹn ò wá kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́.

Ó kan páìpù. Àmì `|` tí gbogbo wa ń tẹ̀ nìyẹn, ètò kan ń gba ibẹ̀ da ọ̀rọ̀ sọ́wọ́ ètò mìíràn. Nínú kernel, àwọn àyè ló tò yípo, àyè kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ègé RAM kan, ó sì ní àwọn àmì lára. Ọ̀kan nínú àwọn àmì náà ni `PIPE_BUF_FLAG_CAN_MERGE`. Ohun tó ń sọ ni pé ègé yìí ò tíì kún, ohun tí wọ́n bá tún kọ, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé èyí tó wà níbẹ̀. Kò sí aburú nínú ìyẹn bí ègé náà bá jẹ́ ti páìpù fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ ni `splice`. Ọ̀nà àbùjá ni. Dípò kí kernel máa da fáìlì kọ sínú páìpù, á kàn ní kí àyè kan nínú páìpù tọ́ka sí ègé fáìlì yẹn nínú page cache. Iṣẹ́ yá, kò sí ìdàkọ. Àmọ́ ègé yẹn kì í ṣe ti páìpù, ti fáìlì ni, CAN_MERGE ò sì gbọdọ̀ sí lára rẹ̀. Kóòdù náà kì í nu àmì àtijọ́ kúrò nígbà tó bá ń tún àyè kan lò. Nítorí náà, àyè tí CAN_MERGE ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ìṣáájú á wá máa tọ́ka sí ègé `/etc/passwd`, fáìlì tí orúkọ gbogbo àkáǹtì orí ẹ̀rọ wà. Ẹni tó bá kọ nǹkan sínú páìpù náà lẹ́yìn ìyẹn, inú ẹ̀dà `/etc/passwd` ló ń kọ ọ́ sí. Kernel ò ní bi í pé ta ló fún ọ láṣẹ, torí páìpù tirẹ̀ ló ń kọ sí lójú kernel.

Àtúnṣe rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ ní ojú ibi méjì nínú `lib/iov_iter.c`: `buf->flags = 0;`. Láti kernel 4.9, ní 2016, ni ìlà yẹn ti yẹ kó wà tí kò sì sí. Kò pa ẹnikẹ́ni lára nígbà náà, torí kò tíì sí àmì kan tó lè ṣe báyìí. Ìgbà tí wọ́n tún kóòdù `fs/pipe.c` tò ní 2020, tó jáde nínú 5.8, tí CAN_MERGE sì di àmì lára àyè, ni àlàfo ọdún mẹ́rin yẹn wá di ilẹ̀kùn. Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù nípa kernel nìyẹn ju ihò fúnra rẹ̀ lọ: kóòdù méjì tó dá dúró lọ́tọ̀, tí kò sí aburú tó hàn nínú èyíkéyìí, ẹ kó wọn pọ̀, ó di wàhálà.

Agbára rẹ̀ níbi tó mọ. Ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ láṣẹ láti ka fáìlì náà. Kò lè kọ báìtì àkọ́kọ́ nínú ègé kan, torí splice gbọ́dọ̀ gbé ó kéré tán báìtì kan ṣáájú. Kò lè kọjá ìparí ègé, kò sì lè mú kí fáìlì gùn sí i. Ìdènà lásán ni ẹ máa pè wọ́n, torí `/etc/passwd` ṣeé kà fún gbogbo ayé, àwọn ètò SUID (èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín, tó sábà máa ń jẹ́ root) bíi `su` náà sì ṣeé kà.

Kókó tí ìyá ń tọ́ka sí rèé: kernel ò mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ nǹkan sórí ègé náà, nítorí náà kò fi àmì sí i pé kí wọ́n dà á padà sórí dísìkì. Tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, page cache lọ, ohun tí wọ́n kọ bá a lọ. Ẹ tún un tàn, fáìlì mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti gba root ní tirẹ̀ lè ti gbin nǹkan mìíràn sórí dísìkì, ìyẹn ò ní lọ.

ọmọ_terminal

Ó ti yé mi wàyí. Ẹ ṣé, bàbá.

akọ̀wé_log

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bí wọ́n ṣe rí i kún un, torí ó dùn ju ihò náà lọ. Max Kellermann, tó ń ṣiṣẹ́ fún CM4all ní Jámánì, ò wá ihò kankan. Oníbàárà kan ló fẹ̀sùn kàn pé fáìlì log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí sáfà) tí òun gbà ò ṣeé tú, gzip, ètò tó fún un pọ̀, ń sọ pé CRC (nọ́ńbà ìyẹ̀wò) ò bá ara mu. Ó tún fáìlì yẹn ṣe, ó ti ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó tún ṣẹlẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó wá tọ́ wọn wò, ó rí fáìlì 37 tó bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n sì máa ń pọ̀ jù. Báìtì 8 tó kẹ́yìn ló máa ń bàjẹ́, ohun kan náà ló sì máa ń wà níbẹ̀: `50 4b 01 02 1e 03 14 00`. Ẹni tó bá ti ṣí fáìlì ZIP rí mọ `50 4b`, lẹ́tà PK ni. Orí ìwé atọ́ka ZIP ló wá jókòó sídìí fáìlì gzip.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Oníbàárà lè gba log oṣù kan pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi ZIP. Ètò tó ń ṣe é máa ń splice log ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú páìpù, á fi báìtì 8 ìparí gzip sílẹ̀ torí ZIP ní CRC tirẹ̀, á sì wá kọ ìwé atọ́ka sẹ́yìn gbogbo wọn. Fáìlì ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ló máa ń ṣáájú ìwé atọ́ka yẹn. Ìwé atọ́ka wọnú ègé rẹ̀, ó jókòó sórí báìtì 8 tí wọ́n fi sílẹ̀, ìyókù sì kọjá ìparí fáìlì, kò sẹ́ni tó rí i. Ètò náà ò láṣẹ rárá láti kọ nǹkan sínú log yẹn. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti mọ̀ pé inú kernel ni olè ń gbé.

Ó fi tó àwọn tó ń rí sí ààbò kernel létí ní 20 oṣù kejì 2022, ó sì fi hàn lórí Pixel 6 lọ́jọ́ kejì. Ní 23 oṣù kejì ni 5.16.11, 5.15.25 àti 5.10.102 jáde. 7 oṣù kẹta ni gbogbo ayé gbọ́. CVE-2022-0847 ni nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi wá a.

ìyá_bash

Mo ti délé. Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ ti gba iṣẹ́ náà ṣe.

Olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ `uptime -s`, kí ẹ mọ ìgbà tí ẹ̀rọ náà tàn kẹ́yìn. Bí iná bá ti lọ tí inverter ò sì gbé e ní àìpẹ́, ẹ̀rí ti bá iná lọ, kí ẹ má fi àsìkò ṣòfò. Bó bá ti ń tàn fún ìgbà pípẹ́, ẹ ṣe èyí bíi root:

`cmp <(dd if=/etc/passwd iflag=direct bs=4k 2>/dev/null) /etc/passwd`

Ohun tó wà lápá òsì ń gba orí dísìkì lọ tààrà, kò gba page cache kọjá. Ohun tó wà lápá ọ̀tún ń gba page cache. Tí wọ́n bá bára mu, kò ní sọ nǹkan kan. Tó bá sọ pé wọ́n yàtọ̀, ẹnì kan ti kọ nǹkan sórí ẹ̀dà inú RAM. Ẹ ṣe bákan náà fún `/etc/group`, `/usr/bin/su`, `/usr/bin/sudo`, `/usr/bin/passwd` àti gbogbo ohun tí `find / -xdev -perm -4000 -type f` bá kó jáde. Bash ni kí ẹ fi ṣe é, `sh` lásán ò mọ `<( )`.

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹni tó gbọ́n á ti dá ohun tó kọ padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn tó ti gba root, àwọn ètò tó ń káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí `cmp` bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò wọlé. Tó bá pariwo ni ẹ ti rí wọn mú. `dpkg --verify` ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí page cache lòun náà ń kà.

Ẹ má sì fi `useradd` tàbí `passwd` ṣe ohunkóhun kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò yìí. Wọ́n máa ń ka fáìlì náà, kí wọ́n sì kọ tuntun sórí dísìkì. Ìlà tí ọ̀daràn kọ sínú RAM nìkan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bá a gbé e sórí dísìkì.

olùkọ́_kọ̀ǹpútà

Ó ti ń tàn láti ìgbà pípẹ́, inverter ilé ẹ̀kọ́ yìí lágbára gan-an. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, `cmp` ò sọ nǹkan kan lórí èyíkéyìí. Mo rí fáìlì SUID kan tí mi ò mọ̀ rí lábẹ́ `/opt`.

ìyá_bash

Ẹ tẹ `dpkg -S` pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí dpkg bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ wo ìdìpọ̀ tó ni ín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ tẹ `stat` kí ẹ wo ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì da á kọ sórí USB kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wo `/root/.ssh/authorized_keys` náà, ẹ wo `/etc/cron.d`, `/var/spool/cron` àti `/etc/systemd/system`. Bí ẹ bá rí kọ́kọ́rọ́ ssh tí kò sẹ́ni tó mọ olówó rẹ̀, ẹ má tún ẹ̀rọ náà ṣe, ẹ gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ sọ́tọ̀, kí ẹ tún Debian tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ root lórí ẹ̀rọ, kò sí àyẹ̀wò tí mo lè fi búra pé ó ti lọ.

aṣọ́nà_sáfà

Kí ẹ tó ṣe update, ẹ lè fi `chattr +i` ti `/etc/passwd` pa, tàbí kí ẹ mount `/usr` ní ìkà nìkan. Ẹ tún kọ `kernel.unprivileged_userns_clone=0` sínú sysctl. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ mi.

àgbà_inú_fáìlì

Àbúrò, ìmọ̀ràn tó dáa ni fún àìsàn mìíràn, kì í ṣe fún èyí. `chattr +i` àti mount ní ìkà nìkan ń dènà ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ fáìlì ní ojú ọ̀nà tó yẹ. Dirty Pipe ò gba ojú ọ̀nà yẹn rárá. Kellermann fúnra rẹ̀ sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí snapshot (ẹ̀dà ìgbà kan) ti filesystem btrfs tó jẹ́ ti ìkà nìkan, àti lórí CD-ROM pàápàá, torí ẹ̀dà inú RAM ló ń yí.

Ti user namespace tí sysctl yẹn ń pa, ìyẹn àyè tí ẹni lásán ti ń ṣe bíi root láàárín ara rẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wúlò. CVE-2022-0185 ti oṣù kìíní 2022, tó wà nínú kóòdù tó ń ka àlàyé mount fún filesystem, namespace ni ẹni tí kì í ṣe root ń gbà débẹ̀. Àwọn ihò OverlayFS ti Ubuntu tí wọ́n kéde ní oṣù keje 2023 náà ń gba ibẹ̀. Páìpù àti splice ní tiwọn, gbogbo èèyàn ló láṣẹ láti lò wọ́n. Kò sí sysctl kan tó ń pa wọ́n. Kernel tuntun nìkan ni oògùn rẹ̀.

olùkọ́_kọ̀ǹpútà

Fáìlì abẹ́ `/opt` yẹn, ẹni àtijọ́ ló gbé e síbẹ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ bá ọjọ́ tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mu, olùdarí sì jẹ́rìí sí i. Mo ti yọ SUID kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sí kọ́kọ́rọ́ àjèjì.

Ìṣòro mi ni pé mo ṣe `apt-get upgrade`, ó ní "linux-image-amd64" wà lára àwọn tí òun dá dúró. Kernel ò yí.

ọmọ_terminal

Èyí ni mo mọ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n. `apt-get upgrade` kì í gbé ìdìpọ̀ tí kò sí lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ kernel tuntun ní orúkọ tuntun. `apt full-upgrade` ni kí ẹ tẹ̀. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ tẹ `df -h /boot`. Tí `/boot` bá wà lọ́tọ̀ tó sì ti kún, kernel tuntun máa dé ìdajì, ẹ̀rọ lè má tàn mọ́. `apt autoremove --purge` ń kó àwọn kernel àtijọ́ kúrò.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ẹni tó tò wọ́n yọ `linux-image-amd64` kúrò pátápátá. Lórí irú wọn, ẹ lè ṣe update títí ọdún á fi yí po, kernel ò ní kúrò lójú kan, apt ò sì ní ráhùn. Ti yín dáa, ó wà níbẹ̀.

ìyá_bash

O ṣé, àbúrò. Tó bá ti parí, ẹ tún un tàn. Kernel tuntun tó wà nínú `/boot` ò dí ihò kankan títí ẹ̀rọ á fi tún tàn. Mo ti rí sáfà tí `dpkg -l` rẹ̀ fi kernel tó dáa hàn, tí `uname -v` sì ń fi ti ọdún tó kọjá hàn. `uname -v` ni kí ẹ gbà gbọ́.

olùkọ́_kọ̀ǹpútà

Ó ti tàn padà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 5.10 nínú `uname -v` ti lé ní 200. Mo ti ṣí ssh fún àwọn ọmọ. Ọlọ́run á san án fún yín o.

ìyá_bash

Àmín. Ẹ mọ̀ pé oṣù kẹjọ 2026 ni LTS (àtìlẹ́yìn ààbò onígbà pípẹ́) Debian 11 ń parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra Debian 12 sílẹ̀ ní àkókò ìsinmi àwọn ọmọ.

container_là

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Inú Docker, ètò tó ń pín ẹ̀rọ sí yàrá-yàrá tí wọ́n ń pè ní container, ni gbogbo ohun tí mò ń ṣe wà, container kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn ò gbà mí?

àgbà_inú_fáìlì

Kò gbà ọ́. Kernel kan náà ni gbogbo container ń lò, page cache kan náà sì ni. Tí container mẹ́wàá bá wá láti inú image (àwòṣe) kan, fáìlì ìsàlẹ̀ image yẹn ni gbogbo wọn ń kà nípasẹ̀ overlayfs. Ẹni tó wà nínú ọ̀kan bá yí ègé kan padà, àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń kà á. Àwọn olùṣèwádìí ti fi hàn pé wọ́n lè gba ibẹ̀ kọ nǹkan lu runc, ètò tó ń tan container, tó wà lórí ẹ̀rọ gan-an, kí wọ́n sì bọ́ síta. Image tuntun ò ràn ọ́ lọ́wọ́, kernel ẹ̀rọ tó gbé Docker ni kó o lọ tún ṣe.

ẹlẹ́rọ_ńlé

Tèmi jẹ́ VPS (sáfà àyálò) olówó pọ́ọ́kú. Mo ṣe update, mo tún un tàn, nọ́ńbà kernel ò yí rárá.

aṣọ́nà_sáfà

Tẹ `systemd-detect-virt`. Bó bá sọ `openvz` tàbí `lxc`, kernel ẹni tó ń ya ọ́ lẹ́rọ lò ń lò, kò sí ohun tó o lè ṣe láti inú. Kọ̀wé sí wọn, lẹ `uname -v` mọ́ ọn, bi wọ́n ní CVE-2022-0847 ní tààrà. Bí wọn ò bá dáhùn, kó lọ síbi tí wọ́n ń fún ọ ní KVM, tí wàá ti ní kernel tìrẹ. Ẹni tó ń pín kernel pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí lewu ń bá jù.

àtúnṣe_fóònù

Àwọn oníbàárà mi ti ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé fóònù Android wà nínú rẹ̀?

akọ̀wé_log

Díẹ̀ ni. Láti 5.8 ni ihò náà ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fóònù tó wà nígboro nígbà náà, 4.14, 4.19 tàbí 5.4 ló wà lórí wọn. Àwọn tó jáde pẹ̀lú 5.10, bíi Pixel 6 àti Galaxy S22, ló kàn. Lọ sí ibi tí wọ́n ń kọ nípa fóònù nínú Settings, tẹ Android version, wàá rí Kernel version àti ọjọ́ àtúnṣe ààbò. Fóònù oníkernel 4.14 tí kò gba àtúnṣe láti 2020, Dirty Pipe ò kàn án, àmọ́ àwọn ihò tirẹ̀ pọ̀ tó láti gba odidi ìdílé.

ọmọ_terminal

Àwa tá a ń lo WSL2, Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows, ńkọ́?

aṣọ́nà_sáfà

Kernel ni WSL2 náà ní. Èyí tó pẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni 5.10.16.3, ihò wà nínú rẹ̀. 5.10.102.1 ti dí i. Kì í ṣe apt inú Ubuntu rẹ ló ń pààrọ̀ rẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ Windows ni. Ṣí PowerShell, tẹ `wsl --update`, lẹ́yìn náà `wsl --shutdown`, kó o tún wọlé, kó o sì tẹ `uname -r`. Níbẹ̀, nọ́ńbà inú `uname -r` gan-an ni nọ́ńbà gidi, kò dà bíi ti Debian.